Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Kọ̀ǹpútà géèmù tó le, owó tí ò pọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ewé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù ló kún inú lẹ́tà yín. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀ torí ohun tí àwọn márùn-ún yìí bèèrè ló jọ ohun tí gbogbo yín fẹ́ mọ̀. Mi ò ní fọ̀rọ̀ dídùn tàn yín jẹ, kọ̀ǹpútà géèmù tó lágbára wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni owó táwọn ọ̀dọ́ wa fi làágùn kó jọ tó wá lọ sórí nǹkan tí ò ní ṣe wọ́n láǹfààní, kìkì torí pé ẹni tó ń tà á fẹ́ kó kúrò nílẹ̀.

IBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí ni mò ń gbé. Mo ti tọ́jú 600,000 sẹ́fà, mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù tó le dáadáa. Ẹnì kan tó ń ta nǹkan wọ̀nyí ní Kùtọnú ní kí n ra pírósẹ́sọ̀ Core i9, ó ní tí n bá ti ní i9 kò sí géèmù tó máa le fún mi, kí n wá fi owó tó bá kù wá káàdì kékeré kan sí i. Tẹlifíṣọ̀n 4K bàbá mi ni mo fẹ́ so ó mọ́. EA FC, Call of Duty àti Cyberpunk 2077 ni mo fẹ́ máa gbá. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé kó o tó náwó. Má ra i9 yẹn o. Kì í ṣe pé kò dáa, ó dáa fún ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí iṣẹ́ tó ń lo pírósẹ́sọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú géèmù, káàdì gíráfíìkì ló ń ya gbogbo àwòrán tí ojú ẹ ń rí, pírósẹ́sọ̀ kàn ń ṣètò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni, ta ló wà níbo, bọ́ọ̀lù ń lọ síbo, ọta ìbọn ba ta, tó bá ṣètò ẹ̀ tán ló máa gbé e fún káàdì pé kó yà á. Tí káàdì bá kéré, i9 á kàn jókòó máa dúró dè é ni, owó tó o ná lé e lórí náà á jókòó tì í.

Ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà rárá, ojú tí o máa wò ó ni. Àwòrán 1080p ní àmì tíntìntín 1920 níbùú àti 1080 lóròó, tó o bá ṣe é ní ìlọ́po ó jẹ́ 2,073,600. Ti 1440p jẹ́ 3,686,400. Ti 4K bàbá ẹ yẹn jẹ́ 8,294,400, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin 1080p géẹ́. Tó o bá fẹ́ kí àwòrán máa lọ geere, ó kéré tán kí káàdì yà á nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíọ̀nù mẹ́jọ àmì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 600,000 ẹ ò lè ra káàdì tó máa ṣe ìyẹn nínú Cyberpunk tí gbogbo ìyókù kọ̀ǹpútà á tún fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó banú jẹ́, tẹlifíṣọ̀n 4K máa gba 1080p, á fẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, tó o bá sì jókòó síbi tí èèyàn máa ń jókòó sí wo tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, á mọ́ lójú ẹ dáadáa. Torí náà kọ̀ǹpútà 1080p ni ká tò, kó jẹ́ 1080p tó le gan-an, tí o máa fi gbogbo nǹkan ẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tówó bá tún dé, ra ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó jẹ́ 144Hz, ìyẹn èyí tó lè fi àwòrán tuntun hàn nígbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wàá rí ìyàtọ̀ ẹ̀ nínú Call of Duty ju ibòmíì lọ, torí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ilé wa kì í kọjá 60Hz.

Bí mo ṣe máa pín owó yẹn tó bá jẹ́ tèmi nìyí: 240,000 fún káàdì gíráfíìkì, 90,000 fún pírósẹ́sọ̀, 70,000 fún mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo nǹkan yòókù ń so mọ́, 60,000 fún RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, 45,000 fún SSD, ibi tí géèmù á máa gbé, 50,000 fún àpótí iná tó ń gba iná ògiri pín fún kọ̀ǹpútà, èyí táwọn ọlọ́jà ń pè ní alimentation, 30,000 fún kéèsì, 15,000 tó kù á lọ sórí régulateur tó ń tún iná ṣe. Kì í ṣe iye tí ọlọ́jà máa pè nìyẹn o, ààlà tí mo fẹ́ kó o fún ara ẹ ni. Tí ohun kan bá wọ́n kọjá ààlà ẹ̀, inú owó kéèsì tàbí ti SSD ni kó o ti yọ ọ́, má yọ ọ́ nínú owó àpótí iná láé, màá sọ ìdí ẹ̀ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé tìẹ.

Pírósẹ́sọ̀ tó tó ẹ ni Ryzen 5 5600 tàbí Core i5-12400F. Ọdún 2022 ni méjèèjì jáde, wọ́n ní kóò mẹ́fà mẹ́fà, ìyẹn ọpọlọ mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn ò jẹná, fáànù sì máa ń bá wọn wá tí wọ́n bá wà nínú páálí wọn. Ṣọ́ra fún Ryzen 5 5500, nọ́ńbà ẹ̀ jọra ṣùgbọ́n ìdajì cache L3 ti 5600, ibi ìkóǹkansí kékeré inú pírósẹ́sọ̀, ló ní, 16MB dípò 32MB, PCIe 3.0 ló sì ń lò, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí data ń gbà láàárín òun àti káàdì, èyí tó lè fa àwọn káàdì olówó pọ́ọ́kú òde òní sẹ́yìn. Lẹ́tà F tó wà nídìí 12400F túmọ̀ sí pé kò ní gíráfíìkì tiẹ̀, 5600 náà ò ní, torí náà láìsí káàdì nínú ẹ̀ kò sóhun tí wàá rí lójú tẹlifíṣọ̀n, má rò pé ó ti bàjẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù B550 ni kó o wá fún 5600. Tó bá jẹ́ B450 lo rí, sọ fún ẹni tó ń tà á kó fi BIOS tuntun, sọ́fítíwíà inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, sí i lójú ẹ kó o tó gbé e lọ, torí B450 ti wà láyé ṣáájú 5600, èyí tí BIOS ẹ̀ bá ti pẹ́ lè má mọ̀ ọ́n rárá.

Ó wá ku káàdì. RX 6600 tó ní 8GB ni mo fẹ́ràn jù fún owó ẹ, 132W péré ló ń jẹ, okùn iná kan ló sì ń gbà. RTX 4060 dáa jù ú lọ díẹ̀, 115W ni tiẹ̀, ó sì ní DLSS tó ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré kó wá fẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí ojú ò fi ní mọ̀. Tó o bá rí RTX 3060, bèèrè pé GB mélòó ni, torí oríṣi méjì ló wà, èyí tó ní 12GB ni kó o rà, èyí tó ní 8GB jáde lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀nà tí data ń gbà nínú ẹ̀ tín-ín-rín, ó rọra ju àkọ́kọ́ lọ, orúkọ kan náà sì ni wọ́n kọ sára páálí méjèèjì! RX 6500 XT, sá fún un, 4GB ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní, ọ̀nà PCIe mẹ́rin péré ló sì ń lò, tó bá wá bọ́ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù PCIe 3.0, á máa há.

SSD ni kó o fi sí i o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta hard disk fún ẹ pé ó gbà ju SSD lọ. Láti 2023 ni Cyberpunk ti ń béèrè SSD nínú ohun tó kéré jù tó máa ń fẹ́. Oríṣi SSD méjì ló wà, SATA tó ń sá 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti NVMe tó ń sá 3,500MB, nínú géèmù o lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, èyí tówó ẹ̀ bá rọ̀ lára ẹ ni kó o mú.

Ohun kan tó kù: tó o bá ń wo iye owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ará Faransé kó o tó lọ sọ́jà, euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí padà, torí náà owó ẹ jẹ́ nǹkan bí euro 915. Fi ìyẹn sọ́kàn, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ àti douane ò sí nínú iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọlọ́jà wa náà gbọ́dọ̀ jẹun.

IBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo wà. Mo ní kọ̀ǹpútà géèmù tẹ́lẹ̀, iná kàn lọ ó tún dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ pàù, kò sì tàn mọ́ títí dòní. Ẹni tó tú u ní àpótí iná ló jó, ó sì ti gbé mọ́dábọ́ọ̀dù lọ. Mo fẹ́ tún òmíràn tò. Wọ́n ní kí n ra àpótí iná 1000W kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Eruku àti ooru ibí yìí náà ń bà mí lẹ́rù. (Ọ̀gá tísà kan, Ṣábẹ̀ẹ́)

ÌDÁHÙN: Tísà wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Ó dùn mí torí pé ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn wa jẹ́ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n ń rà á.

1000W tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà yẹn ò ní gbà yín. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ iye tó lè gbé ni, kò sọ bó ṣe máa ṣe nígbà tí iná bá ya wèrè, àwọn tí ò lórúkọ tó sì pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ lè gbé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: RX 6600 132W, Ryzen 5 5600 kì í kọjá 76W, mọ́dábọ́ọ̀dù, fáànù, SSD àti RAM, ẹ fún gbogbo wọn ní 50W. Ó jẹ́ 258W. Àpótí iná 550W gidi ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra 1000W ayédèrú yẹn, ẹ fi ra 550W tó ní àmì 80 Plus Bronze láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀. Bronze túmọ̀ sí pé tó bá ń gbé ìdajì ẹrù ẹ̀, nǹkan bí 85 nínú 100 iná tó fà lára ògiri ló ń dé inú kọ̀ǹpútà, ìyókù ló di ooru. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kọ OVP, OCP àti SCP síbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló máa ń pa á fúnra ẹ̀ nígbà tí iná bá ga jù, tó bá ń fa jù, tàbí tí wáyà bá kanra. Èyí tó jó lọ́wọ́ yín tó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù lọ yẹn, kò jọ pé ó ní wọn.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn àpótí iná náà fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Iná wa ní Benin 220V ni, tí ọmọdé kan bá sì fọwọ́ tì í sórí 115, bó ṣe máa tàn báyìí ló máa jó. Èyí tó dáa lóde òní máa ń gba 100 sí 240V láìsí pé ẹ tẹ nǹkan kan.

Régulateur àti onduleur kì í ṣe nǹkan kan náà. Régulateur ń tún iná tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, òun náà lọ. Onduleur ní bátìrì, á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣe save kẹ́ ẹ sì pa á jẹ́ẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra onduleur, W ni kẹ́ ẹ wò o, VA ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú torí pé nọ́ńbà ẹ̀ ló tóbi jù, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, W tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà àti ojú ẹ̀ ń fà lọ. Àwọn kan lára onduleur olówó kékeré, iná tó ń ti inú bátìrì wọn jáde kì í rọ̀ bíi ti ògiri, àpótí iná òde òní kan ò sì fẹ́ràn ẹ̀, ẹ lè rí i pé kọ̀ǹpútà kú lójijì bó ṣe bọ́ sórí bátìrì. Tí owó bá tó, èyí tí wọ́n kọ sinusoïdale pure sí lára ni kẹ́ ẹ mú. Tówó ò bá tó, régulateur gidi kan, kẹ́ ẹ sì máa yọ ọ́ kúrò lára ògiri tí iná bá ti lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dé kó dúró dáadáa kẹ́ ẹ tó so ó padà.

Ti eruku, ẹ yan kéèsì tó ní àsẹ́ níwájú, tí iwájú ẹ̀ sì ní ihò, má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó jẹ́ gíláàsì gbọọrọ níwájú fún yín torí pé ó dùn ún wò. Fáànù méjì kó máa fà sínú, ọ̀kan kó máa tì síta, tí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, eruku ò ní máa gba ihò kéékèèké wọlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí i lóṣooṣù kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ nù, ṣùgbọ́n ẹ fìka di fáànù mú kó má yí nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ryzen 5 5600 máa ń dín iṣẹ́ ara ẹ̀ kù tó bá ti dé 90°C, tẹ́ ẹ bá rí i pé géèmù tó ń sá dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń wọ́ lẹ́yìn wákàtí kan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

IBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Mo ń ta gààrí àti àgbàdo nínú ọjà Kétu. Ọmọ mi wà ní yunifásítì Abomey-Calavi, ó ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà 500,000, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán tó ń rìn. Àbúrò ẹ̀ obìnrin wá sọ fún mi pé géèmù ló fẹ́ fi gbá. Ẹnì kan nítòsí wa ń ta kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Dell tòkunbọ̀, owó tiẹ̀ ò tó ìdámẹ́rin ẹ̀. Ṣé ọmọ mi ń purọ́ fún mi ni? (Ìyá kan, Kétu)

ÌDÁHÙN: Màámi, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Àwọn ọmọ yín méjèèjì ló lè máa sọ òótọ́. Káàdì gíráfíìkì tó ń ya géèmù náà ló ń ya àwòrán tó ń rìn, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Blender tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ iṣẹ́ yẹn, orí káàdì ló ti máa ń ṣiṣẹ́ tó gba àkókò jù. Ẹ ní kó gbé ohun tó ti ṣe wá kẹ́ ẹ wò ó, kódà kó jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn á ní nǹkan tó máa fi hàn yín, kéré kó kéré.

Ti kọ̀ǹpútà Dell yẹn, mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn gan-an Màámi, ó lè gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó, ṣùgbọ́n àfi kẹ́ ẹ ní kí ọmọ yín wo nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ pírósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè. Kó wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, bí i5-8500, ó dáa. Tó bá jẹ́ 4 tàbí 6, kó fi sílẹ̀, géèmù bíi Valorant kì í gbà kéèyàn wọlé lórí Windows 11 tí TPM 2.0 àti Secure Boot, àwọn ààbò tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, ò bá sí níbẹ̀. Ìkejì ni bó ṣe rí. Dell àti HP ọ́fíìsì ní èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ àti èyí tó ga, èyí tó ga ni kẹ́ ẹ rà, káàdì kúkúrú nìkan ló ń wọ inú èyí tó tẹ́, wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì gbówó lórí. Ìkẹta ni àpótí iná inú ẹ̀. Dell máa ń ṣe tiẹ̀ lọ́nà tiẹ̀, kì í rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, kò sì sábà ní okùn tó ń lọ sí káàdì. Nítorí náà káàdì tí ò nílò okùn ni kó wá: RTX 3050 tó jẹ́ 6GB, 70W péré ló ń jẹ, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti ń gba gbogbo ẹ̀. Kó má gba 3050 tó jẹ́ 8GB, ìyẹn ń fẹ́ okùn. NVIDIA náà ló dáa jù fún Blender yẹn.

Tó bá fi 8GB RAM kún 8GB tó wà níbẹ̀, tó sì fi SSD sí i, ọmọ yín á kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, á gbá EA FC àti Fortnite lórí 1080p, ìdajì owó tó ń béèrè lè má tán lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí i, ẹ sì sọ fún àbúrò ẹ̀ pé ó ṣeun tó ń ṣọ́ owó ilé.

IBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo rí RX 580 àti RTX 3070 tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ọjà láti Computer Village n'Íkẹjà gba Ìgólò wọlé sí Àjàṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti fi wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì (mining) rí. Ṣé kí n rà á? (Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi obìnrin, pé wọ́n fi wa owó rí kò ní kó burú fúnra ẹ̀. Ní 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ethereum, ọ̀kan lára owó orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, kúrò lórí káàdì gíráfíìkì, àìmọye káàdì ni wọ́n sì tú sọ́jà lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ohun tó máa ń rẹ̀ lára wọn ni fáànù àti ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lórí chip, méjèèjì sì ṣe é pààrọ̀. Irọ́ orúkọ ni kó o bẹ̀rù jù. RX 580 gidi ní shader 2304, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ẹ̀ tó ń ya àwòrán, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní 2048SP, tí wọ́n máa ń tà bíi 580 tí kò sì tó o. Àwọn kan tún máa ń kọ orúkọ káàdì ńlá sínú BIOS káàdì kékeré.

Má sanwó níbi tí kò ti síná. Ní kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú ẹ, kó ṣí GPU-Z, sọ́fítíwíà tó ń sọ ohun tí káàdì jẹ́, ọ̀fẹ́ ni, tí káàdì bá jẹ́ ayédèrú ó máa ń kọ ọ́ gàdàgbà síwájú orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ṣí FurMark, èyí tó ń fún káàdì ní iṣẹ́ àṣekára, fún ìṣẹ́jú 15, kó o gbọ́ fáànù, kó o wo ooru ẹ̀ bóyá ó dúró síbì kan àbí ó ń gùn lọ, kó o ṣọ́ bóyá àmì kéékèèké àwọ̀ oríṣiríṣi á máa fò lójú ẹ̀. Tí ọlọ́jà bá ní kò sáyè, kúrò níbẹ̀. Nínú méjèèjì, 3070 ni mo fẹ́ fún ẹ tí àpótí iná ẹ bá jẹ́ 650W gidi, torí 220W ló ń jẹ, AMD sì ti ń dín ìtọ́jú irú RX 580 kù. Gba fàtúrà tí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì sí.

IBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń dá àjọ ní Kétu, 50,000 ló ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ lóṣooṣù. A fẹ́ máa ra kọ̀ǹpútà wa ní ẹyọ ẹyọ títí á fi pé. Èwo ni ká kọ́kọ́ rà? Wọ́n ní ká ra káàdì sílẹ̀ kó má wọ́n sí i. (Ọ̀rẹ́ méjì, Kétu)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin àbúrò mi, àjọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́kọ́ ra káàdì. Káàdì tó bá dùbúlẹ̀ nínú páálí fún oṣù mẹ́fà, garanti ẹ̀ ń lọ, ẹ ò sì lè mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ torí kò síbi tẹ́ ẹ lè so ó sí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa mọ̀, ọlọ́jà ti ní òun ò mọ̀ yín rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọ́dọ̀ ra ohunkóhun tẹ́ ẹ ò lè dán wò láàárín ọjọ́ tí garanti ẹ̀ fún yín.

Ẹ dá owó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró ná, kẹ́ ẹ wá ra ohun tó lè tan fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: mọ́dábọ́ọ̀dù, pírósẹ́sọ̀, RAM, SSD, àpótí iná. Fún irú ọ̀nà yìí Ryzen 5 7600 ló wù mí, ó ní gíráfíìkì kékeré nínú ara ẹ̀ tó máa fi hàn yín lójú tẹlifíṣọ̀n kí káàdì tó dé, ẹ ó lè fi kàwé, ẹ ó lè fi wo bọ́ọ̀lù, ẹ ó sì ti mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 tó ń lò yẹn, AMD ti sọ pé òun á máa ṣe pírósẹ́sọ̀ fún un títí di 2027 ó kéré tán, torí náà lọ́jọ́ iwájú ẹ lè yọ 7600 kẹ́ ẹ fi èyí tó le jù rọ́pò ẹ̀ láìtú ilé. Ìṣòro ẹ̀ kan ni pé DDR5, irú RAM tuntun, nìkan ló ń gbà, láti ìparí ọdún 2025 sì ni owó RAM ti fò sókè torí àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ AI ń kó o tán ní ilé iṣẹ́. Tí iye tí wọ́n bá pè fún DDR5 bá lé yín sá, ẹ padà sórí AM4, irú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ṣáájú AM5 tí Ryzen 5 5600 ń lò, kẹ́ ẹ wá DDR4 tòkunbọ̀, RAM tòkunbọ̀ kì í dani tó bá ti ṣiṣẹ́ lójú yín. Nínú ti AM4, Ryzen 5 5600G ní gíráfíìkì tiẹ̀, àmọ́ PCIe 3.0 ló ń lò, tí káàdì bá dé kò ní tó 5600.

Ẹ ra bárẹ́ẹ̀tì RAM 8GB méjì, ẹ má ra 16GB ẹyọ kan, méjì ló ń jẹ́ kí ọ̀nà RAM jẹ́ méjì, géèmù sì máa ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi sí i tán, ẹ wọ BIOS kẹ́ ẹ tan XMP tàbí EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí láìṣe bẹ́ẹ̀ RAM DDR4 tẹ́ ẹ rà ní 3200 á kàn máa rìn ní 2133 tàbí 2400, ẹ ó sì máa rò pé pírósẹ́sọ̀ ni kò dáa.

Káàdì ló máa kẹ́yìn, pẹ̀lú owó àjọ tó pọ̀ jù, nígbà yẹn ẹ ó ra èyí tó jẹ́ ti ìgbà náà ní iye ìgbà náà. Tó bá sì jẹ́ Kùtọnú ni wọ́n ti bá yín tò ó pọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ káàdì jáde kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà wọkọ̀, kẹ́ ẹ dì í sínú páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lé itan. Ihò ojú ọ̀nà àti gbígbọ̀n zẹ́míjàn ti já ẹnu PCIe mọ́dábọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ èèyàn, káàdì wúwo, ẹnu kékeré yẹn nìkan ló sì gbé e dúró. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tì í wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́ẹ̀, ẹ fi ìdè ẹ̀ dè é mọ́ kéèsì, ẹ so okùn iná ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé wáyà tẹlifíṣọ̀n wà lára káàdì, kì í ṣe lára mọ́dábọ́ọ̀dù.